Ojú Tí Mi Ò Lè Wò ní Jámánì

Ẹ̀yin ará Sùúrùlérè, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti padà dé, síbẹ̀ ẹ ò tíì yé bi mí pé, "Ìyá Ṣadé, yìnyín òyìnbó yẹn, báwo ló ṣe rí?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kíá ká lè ráyè sọ ọ̀rọ̀ gidi. Yìnyín tutù, ó funfun, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti di ẹrẹ̀ bíi ti Mushin lásìkò òjò. Ó parí. Kì í ṣe yìnyín ló dà mí lórí rú níbẹ̀. Ojú èèyàn ni. Títí di òní kò tíì yé mi tán. Bóyá bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò yé mi, tàbí kí ẹ̀yin tí ẹ bá kà á bá mi tú u.

Kí n tó lọ

Fáyólìn ni iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ àdúgbò tó bá rí mi pẹ̀lú àpótí rẹ̀ a máa pè é ní gòjé òyìnbó, mi ò sì í bá wọn jà, nítorí irun ìrù ẹṣin la fi ń ta méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, mo ń ta á níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní pálọ̀ wa.

Ìgbà kan ni òyìnbó Jámánì kan wá kọ́ àwa onífáyólìn ní gbọ̀ngàn kan ní Yábà. Gẹ́dà ni orúkọ wọn. Àgbà obìnrin ni, irun wọn funfun bí òwú. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n ti fi ta fáyólìn káàkiri ìlú òyìnbó, àwọn àti ẹni mẹ́ta mìíràn, láìsí ẹnì kankan tó ń dúró níwájú wọn ju ọwọ́. Fáyólìn méjì; fíólà kan, ìyẹn fáyólìn tó tóbi díẹ̀ tí ohùn rẹ̀ sì wá sílẹ̀; àti ṣẹ́lò, èyí tí wọ́n ń jókòó gbé sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ta orin kan fún wọn.

"Ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ dáadáa," ni wọ́n wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo ti ń sọ̀rọ̀ láti kékeré. O ò tíì bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀ rí pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

Wọ́n ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn fún ọdún kan, kí n wá gbìyànjú àga onífáyólìn kìíní nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí ó bá bọ́ sí i, àga náà á di tèmi. Bí kò bá bọ́ sí i, kí n máa bọ̀ nílé.

Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀. Epo ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní èékánná wọn nígbà tí mo sọ ọ́.

"Tó bá wá bọ́ sí i ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Mi ò mọ̀."

"Tí kò bá bọ́ sí i ńkọ́?"

"Bàbá Ṣadé, mo ní mi ò mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ rà, mo máa ń ní kó wọ ṣọ́ọ̀bù kó wò ó ni. Lọ wò ó."

Màmá mi ní Èbúté Mẹ́ta ni kò rẹ́rìn-ín. Ṣadé ọmọ mi ò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni.

"O fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ lọ máa fa okùn?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o."

"Ta ló ní mi ò ní mójú tó o? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wàá bá nígbà tó o bá dé. Èyí tó ń ranjú mọ́ àgbà bí ológbò yìí, màá tún un ṣe."

Lóòótọ́ ni, Ṣadé a máa woni. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, bó bá ń mu ọmú, á kọ́kọ́ mí sínú, á wò mí lójú pin-in, kó tó gbá ọmú mú. Ojú yẹn ni mo gbé lọ sí Jámánì.

Ẹnu ọ̀nà

Ìlú kékeré ni, odò gba àárín rẹ̀ kọjá. Bàbá Wálítà, ọkọ Màmá Gẹ́dà, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Àwọn ló ń ta ṣẹ́lò nínú ẹgbẹ́ náà. Bí mo ṣe rí irùngbọ̀n funfun, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà."

Bàbá wo ilẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n rọra tẹ̀ba, wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra orí rọ́ọ̀gì.

"Kí ló já bọ́?" ni wọ́n bi mí. "Yẹtí ni?"

Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí Màmá Gẹ́dà fi jáde wá bá wa. Ojú tì mí débi pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yẹtí ni. A wá yẹtí tí kò sọnù, a wá a títí tí tíì fi tutù.

Oúnjẹ alẹ́ wọn, iná kì í kàn án. Búrẹ́dì dúdú tó le bí pákó, wàràkàṣì, kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan. Mo rò pé ìpápánu ni, mo ń retí oúnjẹ. Wọ́n palẹ̀ mọ́. Mo tún ń retí. Ọjọ́ kẹta ló tó yé mi pé mo ti ń jẹun alẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Kí wọ́n tó mu ohunkóhun, wọ́n á kan ife mọ́ ife, oníkálukú á sì wo ẹnì kejì lójú ṣinṣin. Èmi, inú ife mi ni mò ń wò.

"Ojú! Ojú!" ni Bàbá Wálítà á máa pariwo. "Ẹni tí ò bá woni lójú, ibi á bá a fọ́dún méje!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo tún wo inú ife.

Àwọn èèyàn ibẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n burú. Wọn ò burú. Wọn kì í kí èèyàn lójú títì, ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì kóòtù rẹ bá ṣí, àjèjì á dá ọ dúró láti sọ fún ọ. Obìnrin oníbúrẹ́dì a máa fi ọ̀kan lé e fún mi, kò rẹ́rìn-ín sí mi rí. Ọmọ ilé ìwé kan bi mí bóyá irun mi máa ń dùn mí. Mo ní ìgbà tí wọ́n bá ń dì í nìkan ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbé fáyólìn mi, mo ń gbìyànjú orin tí wọ́n fún mi, ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan lu ògiri láti ilé kejì. Màmá Gẹ́dà sáré wọlé, wọ́n ní kí n dáwọ́ dúró.

"Mà, ṣé òkú wà nílé wọn ni?"

"Rárá. Wọ́n ń sinmi ni. Bí a bá jẹun ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kì í pariwo."

"Nínú ilé yẹn?"

"Ní gbogbo ìlú."

Mo jókòó. Mo ro Sùúrùlérè, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bú ramúramù, tí wẹ́dà ń jó irin lẹ́yìn fèrèsé mi, tí mo sì ń ta fáyólìn láàárín wọn láìsí ẹni tó mọ̀ pé mò ń ta á. Èmi tí mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ láti kékeré, mo rí i tán, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

Ṣùgbọ́n èyí tó pa mí lẹ́kún rèé. Mo fẹ́ sọdá títì. Iná pupa ń tàn, mọ́tò kankan ò sí lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ àwọn èèyàn tò kalẹ̀ bí ère. Ọmọ Èkó sọdá. Ìyá arúgbó kan figbe ta lẹ́yìn mi. Ànà, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó ń ta fáyólìn kejì nínú ẹgbẹ́ wa, ló wà pẹ̀lú mi, òun ló túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní, ṣé o ò ro ti ọmọ ni?"

Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ànà ní bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni, nítorí àwọn ọmọdé tó lè wò ẹ́ kọ́ṣe. Mo ti bú sẹ́kún. Mo rò pé ìyá náà mọ̀ pé mo fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Mo rò pé ó hàn lójú mi.

Àga àgbà

Àga tí wọ́n ní kí n jókòó sí, àga Màmá Gẹ́dà ni. Àwọn fúnra wọn ló ti ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n bọ́ sórí àga onífíólà tó ti ṣófo, wọ́n nawọ́ sí tiwọn fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ọmọ ta ni yóò fi gbogbo ìdí jókòó síbẹ̀? Etí àga ni mo gbé ara lé.

Iṣẹ́ onífáyólìn kìíní rèé: òun ló ń mú orin bẹ̀rẹ̀. Á gbé ojú sókè wo àwọn mẹ́ta yòókù, á mí sínú, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wọlé pọ̀. A gbé fáyólìn. Gbogbo ilé dákẹ́. Mò ń dúró de àgbà kí àgbà bẹ̀rẹ̀. Àgbà ń dúró dè mí. Ó pẹ́ gan-an.

"Ṣé a ti ń ta á ni?" Bàbá Wálítà bi wá. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o."

Wọ́n ní èmi ni. Ó dáa. Mo tẹjú mọ́ rọ́ọ̀gì, mo mí sínú, mo bẹ̀rẹ̀. Ànà wọlé, Bàbá wọlé, Màmá Gẹ́dà pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. A tún un ṣe. Wọ́n tún pẹ́. Báyìí la ṣe ń ṣe é títí ewé fi rẹ̀ tán lórí igi, tí yìnyín fi já bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, fíólà á ṣi ẹsẹ̀ gbé, ojú Màmá Gẹ́dà á sì le sí i.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe bí inú àgbà bá ń bí sí mi. Mo fi kún ọ̀wọ̀. Mo ń gba àpò lọ́wọ́ wọn. Mò ń gbá ilé kí wọ́n tó jí. Bí wọ́n bá ń bá mi wí, mo ń sorí kọ́ sí i. Bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tutù sí mi. Wọn ò bá mi kan ife mọ́ nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé fíólà sílẹ̀.

"O ò sí níbí," ni wọ́n wí. "Ara rẹ wà lórí àga, ìwọ ò sí níbí. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ lọ sílé, sọ fún mi."

Ṣé mo fẹ́ lọ sílé ni? Mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn mo pe ilé. Màmá mi gbé ẹnu tẹlifóònù sí Ṣadé létí.

"Ṣadé, Màmá ni o. Ṣadé mi."

Mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn: "Kúnlẹ̀ kí wọn! Àgbà ni. Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n wá gba tẹlifóònù. "Ó ti kúnlẹ̀ o, ìwọ lo ò rí i."

"Màmi, orí fóònù kẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ ò ní fóònù."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún gbé e fún un. Mo gbọ́ tí ọmọ mi mí sínú, èémí kékeré kan, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo dúró. Owó ẹ̀rọ tán.

Ohun tí Ànà sọ

Létí odò ni Ànà ti sọ fún mi. Ọmọ tí kì í fọ̀rọ̀ wé ewé ni.

"O ò mọ̀ pé etí wọn ti ń lọ ni?"

"Etí ta ni?"

"Gẹ́dà. Ohùn tó bá ti lọ sókè, wọn kì í gbọ́ ọ mọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi bọ́ sórí fíólà. Wọn ò gbọ́ ìgbà tó ò ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ ni wọ́n ń kà. Ìwọ sì ń gbé àtàrí fún wọn."

"Àtàrí kọ́ ni mò ń gbé fún wọn! Ọ̀wọ̀ ni!"

Ànà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú. "Kí ló kan ọ̀wọ̀ nínú ẹ̀?"

Bí mo ṣe délé, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá Gẹ́dà. Bàbá Wálítà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹtí wíwá, mo ní, "Rárá sà, ẹ jókòó." Mo ṣàlàyé. Mo ní nílé wa, ọmọ tó bá wo àgbà lójú nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀, ìfọ́tí ló ń wá. Mo ní ẹni tí mo bá bọ̀wọ̀ fún jù lọ ni mi ò lè wò.

Màmá Gẹ́dà fà mí dìde.

"Gbogbo oṣù wọ̀nyí," ni wọ́n wá wí, "mo rò pé o kórìíra mi ni."

"Mà, èmi náà rò pé ẹ kórìíra mi ni."

Bàbá Wálítà rẹ́rìn-ín títí tí tíì fi dà sí wọn lára.

Ṣùgbọ́n kí nǹkan yéni yàtọ̀ sí kí ọrùn gbà. A gbé fáyólìn. Mo gbé ojú sókè, ọrùn mi fà á sílẹ̀. Mo tún gbé e, omi bọ́ lójú mi. Màmá Gẹ́dà kàn ń dúró, ojú wọn búlúù, ó là sílẹ̀ gedegbe bí ojú ọmọ tí ebi ń pa. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ṣadé lórí ọmú. Mo wo Màmá Gẹ́dà bí mo ṣe máa ń wo ọmọ mi. Mo mí sínú, àwọn náà mí sínú. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni mẹ́rin tó ti ẹnu ọ̀nà kan wọlé tí èjìká wọn ò kan ara wọn. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti inú ohun tí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún títí orin fi tán.

Nígbà tí igi tún rúwé, a ta orin náà níwájú èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, Màmá Gẹ́dà gbá ẹ̀yìn àga náà jẹ́jẹ́. "Tìrẹ ni," ni wọ́n wí. Mo ní kí n lọ rí ọmọ mi ná. Wọ́n ní àwọn á máa retí ẹnu mi kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Èbúté Mẹ́ta

Ọkọ mi ló gbé mi lọ. Màmá mi ti wọ Ṣadé láṣọ dáadáa, wọ́n ti fi ìpara pa á lára. Ó ti ga. Mo la ọwọ́ méjèèjì, mo ń retí kó sáré.

Ó rìn wá jẹ́jẹ́. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. Ó tẹjú mọ́ bàtà mi.

"Ẹ káàsán mà."

"Ṣé o rí i?" Inú màmá mi ń dùn. "Ṣé mi ò sọ? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé! Gbogbo ilé yìí ló ń yìn ín."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmi." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Wọn ò ṣe àìdáa kankan. Ohun tí wọ́n fún èmi náà ni wọ́n fún un. Mo kúnlẹ̀ kí orí wa lè bára mu.

"Ṣadé, wo ojú mi."

Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, lábẹ́ ìpéǹpéjú, bóyá wọ́n á gbà.

"Bísí, má ba iṣẹ́ mi jẹ́ o," ni màmá mi wí.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́."

Kò wò mí. Bàtà mi náà ló ń wò. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Mo ṣí àpótí, mo gbé fáyólìn sí èjìká lórí ìkúnlẹ̀ mi níbẹ̀. Mi ò ta á. Mo kàn mí sínú, bí mo ṣe ń mí sí Màmá Gẹ́dà, mo sì dúró.

Ṣadé gbọ́ èémí náà. Orí rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ kan tèmi, pin-in, kò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?" ló bi mí.

"Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

Kí ewé tó rẹ̀, mo lọ pe Jámánì níbi tí wọ́n ti ń sanwó pe fóònù. Mo ní, "Mà, mi ò ní lè wá." Màmá Gẹ́dà ní, "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. "Mi ò gbọ́ ọ! Kí lo wí?" Mo pariwo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń wò mí. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kò sí ojú mi níbẹ̀ tí wọ́n lè kà. Bàbá Wálítà ló wá gba ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó wọn lédè Jámánì, ó kúrú gan-an.

Ṣé mo ṣe dáadáa? Àwọn ọjọ́ kan wà tí wẹ́dà á máa jó irin lẹ́yìn fèrèsé, tí màá ní òmùgọ̀ ni mí. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Nígbà tí Ṣadé di ọmọ ilé ìwé, ìdì kan dé láti Jámánì: fáyólìn kékeré, tó tóbi díẹ̀ ju ọwọ́ àgbà lọ. Ó ti ń bá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní pálọ̀ ta á báyìí. Àwọn ìyá wọn a máa wá fẹjọ́ sùn pé, "Àǹtí, láti ìgbà tọ́mọ yìí ti ń wá sọ́dọ̀ yín, ó ti ń woni lójú o." Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé ìgbà tí fáyólìn bá wà lọ́wọ́ nìkan ni.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti Ṣadé gbé tiwa sí èjìká, a kọjú síra. Mò ń dúró dè é. Òun náà ń dúró dè mí. Ọkọ mi gbé orí yọ láti yàrá.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Ẹ̀yin ni àgbà," Ṣadé sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ mà."

"Rárá," mo ní. "Ìwọ."

Ó wo fèrèsé, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá wò mí lójú. Ó mí sínú.